Ogójì Kò Sí, Ẹnì Kan Ló Wà

Àbúrò ọkọ mi ni ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ọ̀sẹ̀ tí mo wọlé wọn ni mo ti sọ ọ́ ní Afínjú, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn débi pé àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní ọsibítù kò mọ̀ pé ó ní òmíràn. Ẹ má rò pé mo fi pọ́n ọn lé o. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà yẹn, mo sì bá a níbi tó ti ń fi rúlà wọn bàtà rẹ̀ méjèèjì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí tọ̀tún má bàa ṣíwájú tòsì. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Ọlọ́run mi, ṣé irú ilé tí Ẹ mú mi wá nìyí?" Ọlọ́run kò fèsì. Ọdún méjìdínlógójì rèé, mo ṣì wà níbẹ̀.

Ó kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé lọ́dọ̀ obìnrin kan tó máa ń fi aṣọ bo ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí wọ́n má bàa wo lẹ́tà tí wọ́n ń tẹ̀. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ọsibítù gbà á sí yàrá káàdì, níbi tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn sí. Ibẹ̀ náà ló wà títí dòní. Nígbà tí wọ́n kó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kúrò, tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà dé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Òun ní tirẹ̀ wá aṣọ funfun kan, ó ń fi nù ún láràárọ̀. Kọ̀ǹpútà ọ̀hún náà ti darúgbó báyìí, ó máa ń kérora kó tó tan, ṣùgbọ́n eruku kò mọ ojú rẹ̀.

Ní ti ìyàwó, ẹ̀ẹ̀kan ló gbìyànjú. Ó kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí nọ́ọ̀sì kan, ẹ̀rọ ló fi tẹ̀ ẹ́, ó fi nọ́mbà sí ìdí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó fi yẹ kí nọ́ọ̀sì náà fẹ́ òun, ó sì fi ẹ̀dà kan pamọ́. Nọ́ọ̀sì fẹ́ awakọ̀. Ẹ̀dà lẹ́tà ṣì wà nínú fáìlì.

Bí mo bá ní kó jẹ́ ká jọ lọ sílé ìsìn, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ìyàwó wa, ohun tí ojú mi ò bá rí, mi ò lè fi sínú fáìlì. Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ hàn mí."

Kò sí ohun tí Afínjú bẹ̀rù láyé yìí tó ojúsàájú. Ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n tí wọ́n jọ jẹ ọmọ ìyá kan náà, gbé ẹsẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lọ bá a ní yàrá káàdì lọ́jọ́ kan. Afínjú ní kó lọ tò sẹ́yìn ìyá arúgbó kan tó wá nítorí ikọ́ ọlọ́dún mẹ́wàá. Ẹsẹ̀ ti san tipẹ́, ṣùgbọ́n bí ọkọ mi bá ń sọ ìtàn náà, ó ṣì máa ń tiro.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wá ní kó to orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣe ojú fún, orúkọ ìyá rẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Màámi, ìyá ọkọ mi, ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Awọ funfun kan ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì bí ìkùukùu. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí kò ti lè ka ìwé àdúrà rẹ̀ fúnra rẹ̀, èmi ni mo ń kà á fún un láàárọ̀. Kò sì fẹ́ràn bí mo ṣe ń kà á. "Ìyàwó mi," á ní, "Ọlọ́run ò kánjú, kí ló wá ń lé ọ?" Gbogbo ohun tó kù tó ń fẹ́ láyé ni kó tún fi ojú ara rẹ̀ ka ìwé náà. Ó ní òun fẹ́ mọ ibi tí mo máa ń fò.

Lọ́dọọdún ni àwọn dókítà ojú kan máa ń wá sí ọsibítù náà láti òkèèrè, ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n sì máa ń lò. Oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó dé, àwọn ènìyàn wọn á kọ́kọ́ wá yẹ ojú àwọn aláìsàn wò. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá gba iṣẹ́ abẹ, wọ́n á fún un ní káàdì tó ní nọ́mbà, wọ́n á sì kó nọ́mbà náà lọ sínú kọ̀ǹpútà tiwọn, pẹ̀lú ojú tí wọ́n máa ṣe, yálà tọ̀tún tàbí tòsì. Iṣẹ́ Afínjú ni láti to orúkọ bí wọ́n ṣe máa tẹ̀lé ara wọn: orúkọ kan lórí ìlà kan, kí nọ́mbà káàdì wà ní ìparí ìlà.

Àwọn mọ́kànlélógójì ló gba káàdì lọ́dún yẹn. Màámi ló gba ìkẹsàn-án. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí èmi ni mo dì wọ́n lọ́wọ́ mú lọ síbẹ̀. Nígbà tí Afínjú parí ìwé, Màámi ti di ẹni kọkànlélógójì.

Mo bi í léèrè. Mo ní, "Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣojúsàájú, kí lẹ ń pe gbígbé tí ẹ gbé ìyá yín láti ìkẹsàn-án lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá?"

Ó ní, "Ìṣọ́ra ni. Mẹ́wàá ni wọ́n lè ṣe lójúmọ́, márùn-ún láàárọ̀, márùn-ún lọ́sàn-án. Láti ọjọ́ Ajé dé àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, márùndínláàádọ́ta. Àyè mẹ́rin ló ṣẹ́ kù. Ó máa kan Màámi, kò sì ní sí ẹni tó máa lè la ẹnu."

Màámi tó jókòó létí fèrèsé rẹ́rìn-ín. "Fi í sílẹ̀, ìyàwó mi. Ká ní òun ló ń gba káàdì lọ́jọ́ tí mo fẹ́ bí i, ó máa ní kí n lọ tò sẹ́yìn."

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, aago méje ààbọ̀ ti bá gbogbo àwọn mọ́kànlélógójì lórí bẹ́ǹṣì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kálukú di káàdì rẹ̀ mú. Afínjú kó ìwé orúkọ náà sórí fíláàṣì, ohun kékeré tí wọ́n fi ń gbé fáìlì láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, ó fi áńkáṣífù tí wọ́n lọ̀ wé e bí ọmọ tuntun, ó gbé e fún ọmọbìnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà àwọn dókítà. Ọmọ Kọ̀ǹpútà la sọ ọ́. Kọ̀ǹpútà tirẹ̀ tinrin bí àwo, ìran tirẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá sí ti Afínjú. Ohun tí yóò ṣe kò ju pé kó mú nọ́mbà orí ìlà kọ̀ọ̀kan, kó wò ó bóyá ó wà lára àwọn tó wà níkùn rẹ̀.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í pe èsì. "Ẹni kìíní, kò sí lọ́dọ̀ wa. Ẹni kejì, kò sí. Ẹni kẹta, kò sí."

Ẹni kẹrin ni ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun, Sójà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó ti fẹ̀yìn tì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

"Èmi ni kò sí? Èmi tí mo jókòó síbí? Ṣé òkú ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ ni?"

"Bàbá, ohun tí kọ̀ǹpútà sọ ni mò ń sọ o."

Bó ṣe ń bá a lọ nìyẹn. Ẹni kẹwàá kò sí, ẹni ogún kò sí, ẹni ọgbọ̀n kò sí, títí ó fi pé ogójì. Mo di ọwọ́ Màámi mú, mo ti pa ojú mi dé.

"Ẹni kọkànlélógójì," Ọmọ Kọ̀ǹpútà ní, "ó wà."

Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti là. "Halelúyà! Olúwa, Ẹ ṣeun! Ẹ̀yin tí Ẹ kì í dójú tini!"

Ogójì orí ló yí sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tí kò ríran tó ìdajì pápá, gbogbo wọn ló rí mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo ti dúpẹ́ tán kí n tó rántí pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run pé àwọn ogójì tó kù ńkọ́.

"Ta ni ìyá yìí?" Sójà bèèrè.

"Ìyá Afínjú ni," ẹnì kan dáhùn lẹ́yìn.

"Háà!" Sójà dìde. "Ẹ wá wo ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí! Ó gbé ìyá rẹ̀ sísàlẹ̀ kí a má bàa fura, ó wá pa gbogbo àwa tó kù rẹ́! Afínjú, ọwọ́ rẹ mọ́ lóòótọ́. Ọṣẹ wo lo fi ń fọ̀ ọ́?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń ṣépè. Mo wo ojú Afínjú, ó dà bí ìwé funfun tí wọ́n da tàdáwà sí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń sá fún ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ náà wá bá a nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lójú gbogbo ayé, àní èmi ìyàwó ilé wọn ni mo tún fi halelúyà lù ú nílù.

Ó lọ bá Ọmọ Kọ̀ǹpútà. Ó gba káàdì Sójà, ó gbé e sí i lójú. "Fi ọwọ́ ara rẹ tẹ nọ́mbà yìí."

Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́. Nọ́mbà jáde, orúkọ Sójà jáde, ojú tòsì.

"Ṣé ẹ rí i pé mo wà!" Sójà pariwo.

"Ẹ wà bí a bá fi ọwọ́ tẹ̀ yín," Ọmọ Kọ̀ǹpútà ní. "Lórí ìwé yìí, ẹ ò sí."

"Tẹ gbogbo wọn, nígbà náà," mo ní. "Ogójì péré ni."

Ibẹ̀ ni ọ̀gá àwọn dókítà ti jáde, obìnrin gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní àwọn kì í fi ọwọ́ tẹ nọ́mbà mọ́. Lọ́dún kan, ẹnìkan ṣi nọ́mbà kan ṣoṣo tẹ̀, ó ku díẹ̀ kí wọ́n ṣe ojú ọ̀tún ẹni tó jẹ́ pé tòsì ló ń dà á láàmú. Ìwé gbọ́dọ̀ wọlé fúnra rẹ̀ ni. Ó wo aago. "Bí aago méjì bá lù tí kò tíì tọ́, màá pe ìlú kejì. Ìwé tiwọn ti wọlé láìsí wàhálà, wọ́n sì ń dúró de ìpè. Ìyá kan ṣoṣo tó wà yìí, a lè ṣe tirẹ̀ báyìí báyìí. Ẹ mú wọn wọlé."

Mo ti dìde. Mo ti ń fa Màámi lọ́wọ́.

Afínjú ní, "Rárá, Dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, bí ogójì kò bá sí, kò lè sí ẹni kọkànlélógójì."

Mo fà á láṣọ. Mo ní, "Ẹ gbàgbé ìṣirò, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ojú ìyá yín!"

"Ìyàwó wa, ẹ jókòó."

Màámi náà fà mí lọ́wọ́. "Jókòó. O ti dúpẹ́ tó fún òní."

Mo fi Màámi sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, mo tẹ̀lé Afínjú lọ sí yàrá káàdì, nítorí ẹ̀rí ọkàn ń gún mi. Sójà kúrò níbi tó wà, ó lọ jókòó ti Màámi pẹ́kípẹ́kí. Ó ní òun ń ṣọ́ wọn, kí a má bàa gbé wọn gba ẹ̀yìn wọlé.

Afínjú ṣí ìwé orúkọ náà lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún kà á láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó gbé rúlà lé ojú kọ̀ǹpútà, ó ń wọn àlàfo. Ó fi káàdì kọ̀ọ̀kan wé ìlà kọ̀ọ̀kan. Kò sí nọ́mbà kan tó yẹ̀.

"Kí ni Màámi ní tí àwọn tó kù ò ní?" ó ń bi ara rẹ̀.

Mo ní, "Àfi ká gbàdúrà."

"Ẹ máa gbà á, Ìyàwó wa. Èmi ń ka ìlà."

Mo ń gbà á lóòótọ́, nígbà tó lu tábìlì lójijì. Ó ní kí n wò ó. Gbogbo orúkọ tó wà lókè, nígbà tó tẹ̀ wọ́n tán, ó ti tẹ bọ́tìnì tó ń gbé ni lọ sí ìlà tuntun. Ti Màámi nìkan ni kò tẹ̀ ẹ́ sí. Bí obìnrin tó kọ́ ọ níṣẹ́ ṣe kọ́ ọ nìyẹn, pé bí ọ̀rọ̀ bá ti dé ìlà tó gbẹ̀yìn, kò sí ibi tí a tún ń lọ, kí a yọ ìwé lẹ́nu ẹ̀rọ ni.

"Ogójì ìlà ló ní ìparí," ó ní. "Ti Màámi ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo ṣe ti Màámi lọ́tọ̀, mi ò sì mọ̀." Ó wá sọ ọ́ bí ẹni jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀: "Ojúsàájú nìyí."

Kí n tó sọ pé kó dúró, ó ti tẹ bọ́tìnì náà lẹ́yìn nọ́mbà Màámi. Ó ní báyìí gbogbo wọn á dọ́gba.

Wọ́n sì dọ́gba. A gbé fíláàṣì padà, Ọmọ Kọ̀ǹpútà fi í sínú ẹ̀rọ. Kò tilẹ̀ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́. Ó ní, "Ẹni kìíní dé ẹni ogójì, kò sí." Ó tún wo ojú ẹ̀rọ. "Ẹni kọkànlélógójì... kò sí."

"Èmi náà ò sí mọ́?" Màámi bèèrè. "Ó dáa. Ó ti ń rẹ̀ mí láti àárọ̀."

Sójà lu itan rẹ̀ pẹ̀ẹ́, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ó ti pa ìyá rẹ̀ náà rẹ́! Afínjú, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ. Mo pè ọ́ lólè, o kì í ṣe olè. Orí rẹ ni kò pé."

Ṣùgbọ́n Ọmọ Kọ̀ǹpútà kò rẹ́rìn-ín. Ó ti jókòó gbọnrangandan. "Bàbá, kí lẹ ṣe sí ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn?"

"Mo tẹ bọ́tìnì kan, tó ń gbé ni lọ sí ìlà tuntun."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

Ọmọ náà fi ọwọ́ lu iwájú orí ara rẹ̀. Ó tẹ nǹkan kan, ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí wa. Àmì kékeré kan ti yọ lẹ́yìn nọ́mbà kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí èèrà tó ń lọ sóko.

Afínjú bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. "Kì í ṣe èmi ni mo tẹ ìyẹn."

"Ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́, Bàbá. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti parí ìlà ni kọ̀ǹpútà yín ń fi àmì méjì síbẹ̀, kì í kàn fi hàn yín ni. Tiwa kì í fi ju ẹyọ kan lọ. Bó bá rí ẹyọ kan, ó mọ̀ pé ìlà ti parí. Bó bá rí ìkejì, ó rò pé ara nọ́mbà ni. Nọ́mbà tó sì ní ohun mìíràn lẹ́yìn kì í ṣe nọ́mbà tó wà lọ́dọ̀ wa."

"Kí ló dé tí tiwa fi ń fi méjì?"

"Wọ́n ní láyé àtijọ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan wà tí ènìyàn á kọ́kọ́ tì padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, kó tó wá yí ìwé sókè. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn kọ̀ǹpútà kan ṣì ń kọ méjèèjì sílẹ̀."

"Wọ́n ní?" Afínjú gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè. "Ọmọ mi, ọwọ́ yìí ló ń tì í."

Mo fi òye tèmi gbé e. Ó dà bí àlejò tó ń dágbére lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ilé kan, wọ́n mọ̀ pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Nínú ilé kejì, bí wọ́n bá ti gbọ́ ẹ̀kejì, wọ́n á rò pé ó ṣì ní ọ̀rọ̀ nínú, wọ́n á dúró máa wò ó. Ti Màámi ni kò dágbére rárá, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n.

Mo tún rọra sún mọ́ Afínjú. Mo ní, "Ohun tí ojú ò rí ti wà nínú fáìlì yín láti ọjọ́ yìí o." Ọlọ́run mọ̀ pé mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọlọ́run tún mọ̀ pé mo fi ṣe díẹ̀.

Afínjú ṣì ń wo àwọn èèrà náà.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà tẹ ọ̀rọ̀ bíi mẹ́ta, gbogbo èèrà kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó tún ìwé yẹ̀ wò: mọ́kànlélógójì, gbogbo wọn wà. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́, àwọn dókítà dìde, ẹni kìíní gbé ẹsẹ̀.

Afínjú ní kí wọ́n dúró.

Ó ní bí àmì tí òun kò rí bá lè wọlé láìsọ fún òun, ta ló mọ èyí tó tún bá a jáde? Kò sí ẹni tó máa wọlé àfi bí òun bá ka nọ́mbà kọ̀ọ̀kan sókè, kí Ọmọ Kọ̀ǹpútà dáhùn, kí oníkáàdì gbé káàdì rẹ̀ sókè. Ọ̀gá dókítà wò ó, ó wò ó, ó wá gbà fún un, nítorí kò tíì gbàgbé ojú tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì ṣe lọ́dún kan yẹn. Afínjú kà á fínnífínní fún wákàtí kan gbáko. Nọ́mbà kan kò yẹ̀. Ìgbà tó fi kádìí rẹ̀, àárọ̀ ti lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn aago kan.

Ọjọ́rú ni mo tó jókòó ṣírò ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ti bọ́ lọ, ènìyàn márùn-ún bá a lọ. Márùndínláàádọ́ta ti di ogójì. Mo sáré lọ bá Afínjú ní yàrá káàdì, mo bá a níbi tó ti ń nu kọ̀ǹpútà.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé kò ní kan Màámi mọ́?"

"Mo mọ̀ láti ọjọ́ Ajé."

"Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ̀rọ̀? Àyè wọn wà níkẹsàn-án! Ẹ dá wọn padà síbẹ̀!"

"Ìyàwó wa, ẹni tó wà ní ìkọkànlélógójì wà ní ìkọkànlélógójì. Ìwé ti wọlé."

"Ẹ̀yin ò ní wọlé sọ́run," mo ní. Mo ti tọrọ àforíjì ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá, ṣùgbọ́n mi ò tíì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Afínjú.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo wọ aṣọ fún Màámi bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ abẹ. Ọkọ mi ní kí ló wà níbẹ̀ tí a ń lọ ṣe. Mo ní a ń lọ jókòó. A jókòó. Àwọn tí wọ́n ti ṣe ojú wọn wá fún àyẹ̀wò, Sójà wà nínú wọn, òwú ti kúrò lójú òsì rẹ̀, ojú náà ń dán. Ó kí Afínjú tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ó ní, "Ènìyàn rere ni ẹ́. Ọlọ́run á rántí rẹ." Nígbà tó gbọ́ pé kò tíì kan Màámi, ó ní àánú ṣe òun, ó sì jókòó láti wo bó ṣe máa parí.

Ẹni ogójì jáde ní aago kan ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọkọ̀ tó máa gbé àwọn dókítà ti wà níta, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá dókítà ń bọ́ ìbọ̀wọ́.

Afínjú wá síbi ilẹ̀kùn. Ó di káàdì Màámi mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò rí i kó bẹ ẹnikẹ́ni rí, mo sì rí i pé kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

"Dókítà. Ẹni kọkànlélógójì wà níta."

"Àkókò ti lọ. Ẹ jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo kàn ní kí n sọ pé ó wà lórí ìwé."

"Ta ni?"

"Aláìsàn kan."

"Mo mọ̀ pé aláìsàn ni. Kí ló jẹ́ sí yín tí ẹ fi ń làágùn báyìí?"

Afínjú yí káàdì náà padà, ó ń wò ó bí ẹni pé èsì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Lórí bẹ́ǹṣì, Màámi na ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀, ó fi lu ilẹ̀ gbọ̀ọ́. "Dókítà! Èmi ni mo bí i! Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ti kọjá, ojú ń tì í láti sọ. Ìkẹsàn-án ni mí, òun ló gbé mi lọ sísàlẹ̀ kí wọ́n má bàa bú u, wọ́n sì bú u náà. Ṣé ẹ máa ṣe ojú yìí, àbí kí n máa lọ sílé lọ jẹun?"

Ọ̀gá dókítà tí kì í rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín. Ó wo Afínjú, ó wo àwọn ènìyàn rẹ̀, ó mú ìbọ̀wọ́ mìíràn. "Ẹ ní kí awakọ̀ pa ọkọ̀," ó ní.

Mo fẹ́ pariwo halelúyà. Sójà gbé ìka sẹ́nu sí mi láti òdìkejì, mo gbé e mì.

Ojú ọ̀tún ni wọ́n ṣe. Wọ́n ṣí i lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, Afínjú ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú lẹ́tà kan tó tẹ̀ sórí ìwé funfun, tó fẹ́ fún ọ̀gá rẹ̀ ní yàrá káàdì. Ẹjọ́ ara rẹ̀ ló fi sùn. Ó fi í sílẹ̀ lórí tábìlì kó lọ fọwọ́. Ìgbà tó fi padà dé, Màámi ti gbé e sójú, ó ń kà á sókè, díẹ̀díẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan tí kò jẹ rí fún ìgbà pípẹ́ wò.

"'Mo fẹ́ fi tó yín létí,'" Màámi kà, "'pé ní ọjọ́ Ẹtì, mo jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún aláìsàn kan lẹ́yìn tí àkókò ti kọjá...'" Ó dúró. Ó gbé ojú kan náà sókè sí ọmọ rẹ̀. "Aláìsàn kan?"

"Màámi, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn."

"Fún mi ní bírò."

Afínjú fún un. Kí ni ì bá ṣe? Màámi fa ìlà gbọ̀ọ̀rọ̀ gba àárín ọ̀rọ̀ náà kọjá, ìlà náà sì wọ́, ó wọ inú ìlà tó wà nísàlẹ̀. Ó kọ "ìyá mi" sókè rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ó ń gbọ̀n. Mo wo Afínjú, mo rò pé á gba lẹ́tà náà lọ tún tẹ̀. Ó wá ká a sí méjì, etí kan etí, ó fi sínú àpò àyà rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìdọ̀tí tó wà lára rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe gbé e fún ọ̀gá rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá rẹ̀ kò kà á. Ó ní kó lọ fi sínú fáìlì.